Èdè Ògù ní Àgbádárìgì: kí ló dé tí àwọn ọmọ wa fi ń dáhùn ní Yorùbá?

Ọmọ_Ajárá

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́ gbogbo. Ọmọ Ògù ni mí, láti Ajárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àgbádárìgì. Ègùn ni púpọ̀ nínú yín ń pè wá, n ò torí ìyẹn bá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀rọ̀ èdè wa ló gbé mi wá.

Bí ẹ bá wọ agbo ilé wa ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó gbọ́ tí ìyá mi ń pe àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀: "Wá dùnú." Ó ń pè wọ́n wá jẹun nìyẹn. Àwọn ọmọ á gbọ́, wọ́n á dìde, wọ́n á sì fi Yorùbá dá a lóhùn: "Màmá, à ń bọ̀." Wọ́n gbọ́ Ògù ní àgbọ́yé, wọn kì í sọ ọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ilé àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Ní ọjà Agbálátà, mo ti rí ìyá méjì tí wọ́n jẹ́ Ògù, tí wọ́n ń ná ẹja gbígbẹ ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ gbóná tí wọ́n wá bọ́ sí èdè ilé.

Ní 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí òfin tó sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní ilé ìwé, ti ìjọba àti ti aládàáni. Inú mi dùn sí i. Mo fẹ́ràn Yorùbá, òun náà ni mo fi ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe òfin ọ̀hún, pé Gẹ̀ẹ́sì ń gba ẹnu àwọn ọmọ, òun gan-an ló ń ṣe àwa náà, Yorùbá ló sì ń gba ẹnu àwọn ọmọ tiwa. Mo fẹ́ kí a sọ ọ́ láàrin ara wa láìbínú. Kí ni ṣíṣe?

Àkànbí_Mọ́kọ́lá

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín. N ó sọ èrò mi bó ṣe rí lọ́kàn mi, ẹ má bínú. Yorùbá fúnra rẹ̀ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ní Ìbàdàn níbí, ẹ ó bá ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé tí kò lè ka oókan dé ogún. Bí a bá tún ní kí àwọn ilé ìwé Èkó pín àkókò èdè sí méjì, mélòó ni yóò kù fún Yorùbá? Ó tún kan ìdánwò. WAEC ní Yorùbá, kò ní Ògù. Òbí wo ni yóò fi ọmọ rẹ̀ sí ohun tí kò ní bá a dé Yunifásítì?

Ẹ̀yin tún ní Bẹ̀nẹ̀ lẹ́yìn. Odindi orílẹ̀-èdè ń bẹ tó ń sọ èdè yín. Àwa ò ní ibòmíràn tí a lè sá sí.

Àjàṣẹ́_Ilé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ilé. Láti Porto-Novo ni mo ti ń kọ̀wé, Àjàṣẹ́ ni ẹ̀yin ń pè é, Hogbonu ni àwa ń pè é. Gun ni bàbá mi, bí a ṣe ń pe Ògù lọ́dọ̀ wa nìyẹn, Nàgó, Yorùbá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ni ìyá mi, ìdí nìyí tí mo fi wà láàrin yín.

Bọ̀dá Àkànbí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ "odindi orílẹ̀-èdè" yẹn. Faransé ni èdè ìjọba ní Bẹ̀nẹ̀. Fọn ló pọ̀ jù nínú àwọn èdè ilẹ̀ wa, Gun kéré sí i. Ìyá mi sọ fún wa pé nígbà tí òun wà ní ilé ìwé, ọmọ tí ó bá sọ èdè ilé ni wọ́n ń so nǹkan mọ́ lọ́rùn títí yóò fi mú ẹlòmíràn tó tún ṣẹ̀. Kò sí ìjọba kankan tó dúró lẹ́yìn Gun bí ìjọba Èkó ṣe dúró lẹ́yìn Yorùbá.

Síbẹ̀ kò kú lọ́dọ̀ wa. Ẹ wá sí ọjà Ouando ní ọjọ́ ọjà. Gun ni wọ́n fi ń ná ọjà, Gun ni onítáásì alùpùpù fi ń bú ẹni tó dí i lọ́nà, ọmọ kékeré tó ń ta omi tútù, Gun ló fi ń ké. Rédíò ń sọ ìròyìn ní Gun. Bíbélì odindi wà ní Gun láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ilẹ̀ wa ló ṣe é, títí di òní ni àwọn ìyá àgbà ń kà á láìwo ojú ìwé. Wikipedia Gun pàápàá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èdè kan náà, ẹ̀yìn odò nìkan ló ya wá sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n tiwa ń rẹ́rìn-ín, tiyín ń ṣàárẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Ajárá dáhùn ni pé kí ló fa ìyàtọ̀ náà?

Àgbà_Pósùkó

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò. Mo ti dàgbà, n ò mọ fóònù tẹ̀ púpọ̀, ọmọ mi ni mò ń sọ fún tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́.

Ìtàn ló fa ìyàtọ̀ náà. Nígbà tí Agaja ọba Dahomey ṣẹ́gun Allada ní 1724, tó tún ṣẹ́gun Ouidah ní 1727, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ òní ni gbogbo wọn wà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá wá sí ìhà ìlà oòrùn, lẹ́bàá ọ̀sà. Àwọn kan wá sí Àgbádárìgì, wọ́n bá àwọn tó ti wà níbẹ̀. Hogbonu náà, Te-Agbanlin tó ti Allada wá ni wọ́n ń pè ní olùdásílẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà ọmọ ìyá kan ni wá. Ààlà kò sí. Ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń lọ bá ẹbí, tí a fi ń lọ fẹ́ ìyàwó.

Àwọn òyìnbó ló wá fa okùn sí i. Faransé mú Hogbonu sábẹ́ ààbò wọn láyé ọba Toffa, Gẹ̀ẹ́sì mú Àgbádárìgì ní 1863, wọ́n sì fẹnu kò lórí ààlà ní 1889. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ Hogbonu ti ń kọ́ Faransé, ti ọmọ Àgbádárìgì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí dáadáa. Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, wá wàásù lábẹ́ igi Agíà ní Àgbádárìgì ní 1842. Townsend, míṣọ́nnárì Áńgílíkà, náà dé ní ọdún yẹn. Ní oṣù kìíní 1845 ni Townsend, Gollmer àti Samuel Ajayi Crowther jọ gúnlẹ̀ síbẹ̀. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá níbẹ̀, ti kú, ọ̀nà dí, wọ́n sì dúró lọ́dọ̀ wa ju ọdún kan lọ. Àwọn Yorùbá tó ti Freetown padà bọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kó jọ, Yorùbá ni Crowther ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí, Yorùbá ni wọ́n fi ń kọrin. Ní 1884 Bíbélì Yorùbá parí. Nígbà tí a bí mi, ẹni tí ó bá fẹ́ gbàdúrà níwájú ìjọ ní Àgbádárìgì, Yorùbá ni yóò fi gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ògù ni ó fi ń lá àlá. Ilé ìwé tẹ̀lé ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Hogbonu, Gun ni wọ́n fi ń gbàdúrà.

Kò sí ẹni tó dá Ògù lẹ́bi nígbà náà, kò sì sí ẹni tó fi pàṣán lé wa. Àwa fúnra wa ni a gbà pé èdè Ọlọ́run ni Yorùbá, pé Ògù jẹ́ ti odò, ti Zangbeto, eégún wa tó ń ṣọ́ ìlú lóru, àti ti ìlù Sató. Ohun tí a kó sí ẹ̀yìn ilé nìyẹn, ó sì wà ní ẹ̀yìn ilé títí di òní.

Tíṣà_Etí_Ọ̀sà

Bàbá, ẹ kú ìrántí. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa.

Yorùbá ni mí, láti Ìjẹ̀bú, mo ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì kìíní ní apá Àgbádárìgì. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí nínú kíláàsì. Àwọn ọmọ tó wá láti abúlé etí omi máa ń dákẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. N óò bèèrè ọ̀rọ̀, wọn ò ní dáhùn. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ọmọ náà kò ní ọpọlọ. Bí ọmọ mìíràn bá sì fi Ògù sọ ohun kan náà sí i létí, ẹ ó rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń là, á sáré sọ èsì. Ọmọ tó mọ ìṣirò ni, èdè ni kò tíì dé.

Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá 2025 wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́, àṣẹ àkọ́kọ́ yẹn kò dé ọ̀dọ̀ tiwa rárá. Kò sí ìwé Ògù kankan tí wọ́n fún mi, kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún tíṣà. Yorùbá ni gbogbo ènìyàn túmọ̀ "èdè agbègbè" sí, a kàn ń lọ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí ó yà mí lẹ́nu. Mo gbọ́ tí wọ́n ń ka èso àgbàdo ní àkókò ìsinmi: dopo, awe, atọ̀n, ẹnẹ, atọ́n. Ohùn nìkan ló ya ẹẹ́ta sọ́tọ̀ kúrò lára àrún. Tíṣà tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́ kò ní gbọ́ ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n etí Yorùbá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé àwa tíṣà Yorùbá ló yẹ kí a kọ́kọ́ kọ́ Ògù, torí ó súnmọ́ wa.

Àkànbí_Mọ́kọ́lá

Àǹtí Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí létí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìdánwò ṣì wà nílẹ̀. Mo ń sọ nípa owó àti nípa ìwé ẹ̀rí, kì í ṣe nípa ìfẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Èdè

Bọ̀dá Àkànbí, WAEC kì í ṣe ti Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá nìkan. Ẹ̀fíìkì wà níbẹ̀, Ẹ̀dó wà níbẹ̀, Ìbíbíò wà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn jókòó, wọ́n kọ ìwé, wọ́n kọ́ tíṣà, wọ́n lọ fi ẹnu sọ ọ́. Ọ̀nà ti là, ẹni tí yóò rìn ín ló kù.

Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un nípa ibi tí Ògù wà láàrin àwọn ẹbí rẹ̀. Gun, Fọn, Ajá, Ẹ̀wẹ̀, gbogbo wọn ni a ń kó pọ̀ ní Gbe. Hounkpati Capo, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìlọrin, ni ó ṣiṣẹ́ gidi lórí bí wọ́n ṣe tan mọ́ra tí ó sì jẹ́ kí orúkọ Gbe fẹsẹ̀ múlẹ̀. Enoch Aboh, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Amsterdam, Gungbe, Gun yìí kan náà, ni èdè abínibí rẹ̀, òun ló sì fi gírámà rẹ̀ hàn fún àwọn ọ̀mọ̀wé àgbáyé. Èdè tí ọmọ Àgbádárìgì ń tijú láti sọ nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀jọ̀gbọ́n ń fi í kọ́ àwọn òyìnbó ní ìlànà bí gbólóhùn ṣe ń jókòó.

Ní 1741, ní Ouro Preto ní Bràsíìlì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ António da Costa Peixoto kọ àwọn ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn èdè Gbe sílẹ̀. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó kúrò ní etíkun wa ló ń sọ ọ́ nínú ibi ìwakùsà wúrà, àwọn ọ̀gá wọn sì fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹni tó bá lọ sí ilé Candomblé, ẹ̀sìn tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa dá sílẹ̀ ní Bràsíìlì, lónìí á gbọ́ "Ketu" fún àwọn tiwa, ìyẹn Yorùbá, á sì gbọ́ "Jeje" fún àwọn tiwọn, ìyẹn ẹbí Gbe. Wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa nínú ìyà, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa nínú orin.

Ẹ tún wo Tógò. Ní Atakpamé àti agbègbè rẹ̀, àwọn ènìyàn kan ń sọ Ìfẹ̀, èdè tó jẹ́ ọmọ ìyá Yorùbá. Ní 1975 ìjọba Tógò mú Ẹ̀wẹ̀ àti Kabiyè fún ilé ìwé. Ìfẹ̀ kò sí lára wọn. Ẹ̀wẹ̀ ni èdè ńlá níbẹ̀, ẹbí Gbe sì ni. Ohun tí Yorùbá ń ṣe sí Ògù ní Àgbádárìgì, Gbe ló ń ṣe é sí ẹbí Yorùbá ní Atakpamé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ Ìfẹ̀ ní ìwé tirẹ̀ ní Tógò, á fẹ́ kí ọmọ Ògù ní ìwé tirẹ̀ ní Èkó.

Àkànbí_Mọ́kọ́lá

Ẹ̀gbọ́n Akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ Atakpamé yìí wúwo lọ́kàn mi. N ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Bí ẹ bá ní kí Ògù ní ìwé, mi ò ní dí i lọ́nà. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé kí wọ́n má gba ọ̀rọ̀ náà mú láti fi sọ pé kí a má kọ́ Yorùbá mọ́ ní Àgbádárìgì.

Ọmọ_Ajárá

Bọ̀dá Àkànbí, a ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Yorùbá ni a fi ń bá Àwórì ṣòwò, a ti ń fẹ́ ara wa tipẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ méjì kò pàdánù nǹkan kan. Ohun tí à ń bèèrè ni kí tiwa wà nílẹ̀ pẹ̀lú.

Ọmọ_Mákòkó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwa ti orí omi náà sọ̀rọ̀. Ní Mákòkó, Ògù kò ṣàárẹ̀. Ọmọ tó bá ń wa ọkọ̀ kékeré lọ sí ilé ìwé, Ògù ló fi ń kọrin. Àwọn ìyá tó ń yan ẹja, Ògù ni wọ́n fi ń pín iṣẹ́. Àwọn ilé ìwé kan wà lọ́dọ̀ wa tí Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni, torí ọ̀pọ̀ ẹbí ti Bẹ̀nẹ̀ wá. Jíjọ gbé pọ̀ ló jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ilé kan fara kan ìkejì, ọmọ ń gbọ́ èdè láti òwúrọ̀ di alẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní láti kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí Otodo Gbame lápá Lẹ́kí. Ìlú Ògù ni, àwọn apẹja ni. Láti oṣù kọkànlá 2016 dé oṣù kẹrin 2017 ni wọ́n fi wó ìlú náà, tí wọ́n sì lé gbogbo ènìyàn ibẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2017 ilé ẹjọ́ gíga Èkó sọ pé ìléjáde náà kò bá òfin mu. Ilé kò padà. Àwọn tí mo mọ̀ nínú wọn ti fọ́nká, ẹnìkan wà ní Ìkòròdú nínú yàrá kan, ẹnìkan wà ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn ọmọ wọn ti ń sọ pídgín. Ẹ̀yin ń sọ nípa ìwé àti ìdánwò, ó dára, ṣùgbọ́n bí a bá wó ilé ènìyàn, a ti wó èdè rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi èyí sínú ohun tí a ó bèèrè lọ́wọ́ ìjọba.

Àgbà_Pósùkó

Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn, ọmọ mi. Ó dùn mí.

Àjàṣẹ́_Ilé

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Ajárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dúró de ìjọba. Bíbélì Gun wà, ìwé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà wà ní Gun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń kà á. Yálà ẹ wà nínú ẹ̀sìn wọn tàbí ẹ kò sí, ó wúlò fún ẹni tó fẹ́ kọ́ kíkà. Ẹni tó bá mọ Yorùbá kà kò ní ṣe wàhálà púpọ̀ pẹ̀lú wọn, torí ẹ àti ọ tó ní àmì nísàlẹ̀ náà ni wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n ìwé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń lo lẹ́tà mìíràn, ɛ àti ɔ, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín rú.

Ẹ ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ kan lè yàtọ̀ díẹ̀ láàrin Hogbonu àti Àgbádárìgì. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń pè é lọ́dọ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni láti ọ̀dọ̀ wa sọ fún yín pé tiyín kò dá.

Ọmọ_Ajárá

Ẹ ṣeun púpọ̀, àǹtí mi. Mo ti bá àwọn àbúrò mi sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. A ti fẹnu kò pé láti ìsinsìnyí, ọmọ tó bá dá màmá lóhùn ní Yorùbá, kí màmá tún ìpè náà pè, títí ọmọ náà á fi fi Ògù dáhùn. Kò sí ìbínú, kò sí pàṣán. Àwọn tó wà ní Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù nínú ẹbí á máa gba ohùn màmá sílẹ̀: àlọ́, orúkọ igi, bí wọ́n ṣe ń hun àwọ̀n, orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ẹni tó mọ kíkọ nínú wa á kọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn gẹ́gẹ́ bí Tíṣà ṣe sọ, kí ẹẹ́ta má di àrún.

Bàbá Àgbà, bí ẹ bá gbà, mo fẹ́ wá jókòó tì yín pẹ̀lú fóònù kí ẹ sọ ìtàn Pósùkó, àdúgbò yín ní Àgbádárìgì, ní Ògù fún mi.

Àgbà_Pósùkó

Máa bọ̀. Kí o wá ní àárọ̀, lọ́sàn-án oorun ni mò ń sùn.

Tíṣà_Etí_Ọ̀sà

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Ajárá, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Kí táàmù tuntun tó wọlé, ẹ bá mi kọ orúkọ àwọn ẹja tí àwọn ọmọ mọ̀ ránṣẹ́, pẹ̀lú àmì ohùn. Mo fẹ́ lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri kíláàsì, Yorùbá lápá kan, Ògù lápá kejì, kí ọmọ tó wá láti etí omi rí ohun tó mọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ọmọ_Mákòkó

Àǹtí, ẹ jẹ́ kí èmi ṣe ti ẹja. Màmá mi ń yan ẹja títí di òní, kò sí èyí tí kò mọ orúkọ rẹ̀, ti ọ̀sà àti ti òkun. N ó fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé.